Lẹ́tà Tí Mo Sọ Di Pàǹtírí

Ẹ má bá mi wá orúkọ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí. Orúkọ mi ò ní ṣe yín láǹfààní kankan. Ohun tí mo ṣe ni kí ẹ gbọ́, torí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà nínú yín tí ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì báyìí, tó ń rò ó bóyá kí òun tẹ̀ ẹ́.

Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Káàdì, kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpolówó la máa ń tẹ̀. Ímeèlì làwọn oníbàárà fi ń ránṣẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ímeèlì náà ń gbé. Ilé iṣẹ́ mìíràn, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé rí, ló ń bá wa tọ́jú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tiwọn. Àwa kàn ń lọ kó o wá láràárọ̀ ni, bí ẹni tó lọ pọnmi lódò.

Omi ọ̀hún ò mọ́. Oògùn tó ń mú ọkùnrin le. Obìnrin oníhòòhò tó ní òun nìkan ló wà nílé. Ọmọ ọba kan tó ti kú, tó wá ń wá ẹni tó máa bá òun pín ogún. Kí n tó mu tíì àárọ̀, mo ti máa rí tó ọgọ́rùn-ún irú wọn, torí èmi ni ọ̀gá wa ní kó máa ṣa lẹ́tà gidi kúrò láàárín wọn. Ó ń rí mi lára. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́ kí n tó jẹun ọ̀sán, bí ẹni tó ń kó ìgbẹ́.

Ìgbà tó sú mi ni mo wá asẹ́ kan sórí kọ̀ǹpútà wa. Iṣẹ́ asẹ́ gan-an ló ń ṣe. Á lọ kó lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn, á sẹ́ ẹ, á da èyí tó dọ̀tí sínú àpò kan lọ́tọ̀. Kò gbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ lo máa kọ́ ọ. Wàá tẹ bọ́tìnnì kan láti sọ fún un pé, pàǹtírí nìyí. Nígbà tó bá tún pàdé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, á rántí. Kó tó pé oṣù kan, ẹnu ti ya ọ̀gá mi. Wọ́n ní tó bá fi máa di ìparí ọdún, èmi ni wọ́n máa fi ṣe olórí ẹ̀ka wa.

Bàbá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń tún aago ọwọ́ ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ṣì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n etí ti di pátápátá. Bí o bá fẹ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀, wàá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó máa ń wà lápò wọn, Bàbá á kà á, á sì fẹnu dá ọ lóhùn, ohùn á ga bíi ti ẹni tó dúró sí òdìkejì odò. Fóònù ò wúlò fún wọn mọ́. Ímeèlì ni etí wọn.

Òun ni wọ́n fi ń bá ọmọ wọn obìnrin sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí mo ń pè ní Àǹtí, tó ń gbé ní ìlú mìíràn. Òun náà ni wọ́n fi ń bá ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́ jiyàn, bàbá kan tó ń ṣe awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwọn láyé ọjọ́un. Onídígí ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Iyàn tí àwọn méjèèjì ń jà ti lé lógún ọdún, mi ò sì mọ ohun tó dá lé lórí di òní.

Bàbá ló ń lọ mú àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì wá láti ilé ìwé láago méjì. Bàbá á gbé oúnjẹ fún wọn, á jókòó tì wọ́n nídìí iṣẹ́ ilé ìwé, á fọ abọ́. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni ọkọ mi wà. Ó ń jáde nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, ó sì ń sùn bí òkúta lọ́sàn-án. Èmi, ó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí n tó wọlé.

Lọ́jọ́ kan, àgbà nínú àwọn ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, bi mí kí ló dé tí obìnrin inú kọ̀ǹpútà Bàbá Àgbà ò wọṣọ. Ojú ti Bàbá débi pé wọn ò lè wo ojú mi. Fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn sí ìwé kékeré náà, tí wọ́n ní kí n gbà wọ́n. Ilé iṣẹ́ òde kan náà ló ń tọ́jú ímeèlì tiwọn náà, nítorí náà mo gbé asẹ́ kalẹ̀ fún wọn bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ níbi iṣẹ́. Bàbá dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n yọ nínú iná. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo máa ń yẹ àpò pàǹtírí wọn wò, kí asẹ́ má baà ṣèèṣì gbé lẹ́tà gidi sọ nù.

Ẹ rí i pé ọwọ́ mi mọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni lẹ́tà Àǹtí wọlé níṣojú mi. Bàbá wà níta pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kò sí ohun tó kàn mí nínú lẹ́tà bàbá àti ọmọ rẹ̀. Mo ṣí i.

"Bàbá, yàrá yín ti ṣe tán," ni Àǹtí kọ. "Mo ti kun ún, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà. Ẹ máa bọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yẹn ti sọ yín di ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ lọ mú ọmọ wá, ẹ bọ́ ọmọ, ẹ fọ abọ́. Ìgbà wo lẹ fọwọ́ kan aago gbẹ̀yìn? Ìgbà tí mo wá, ìdọ̀tí ilé ìdáná rẹ̀ ò jẹ́ kí n lè gbé omi mì."

Etí mi gbóná. Mo tún un kà, ó tún gbóná sí i. Ohun tó sì jẹ́ kí ó ta mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ òótọ́. Láti ọdún mẹ́ta tí Bàbá ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, n ò bi wọ́n rí bóyá ó rẹ̀ wọ́n.

Mo gbọ́ tí Bàbá ń rẹ́rìn-ín níta. Mo ń rò ó pé tí wọ́n bá lọ, ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé láago méjì? Èmi ni mo máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ mú ọmọ, ẹlòmíì á sì di olórí ẹ̀ka. Inú kan ní kí n pa lẹ́tà náà dé, ọ̀rọ̀ tẹbí tọmọ ni. Inú kejì ní, ṣebí ó pè ọ́ ní ọ̀bùn? Kí là ń pe ọ̀rọ̀ tó bá dọ̀tí?

Mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà náà kúrò lójú mi, ó lọ bá àwọn oníhòòhò àti ọmọ ọba nínú àpò.

Mi ò ní purọ́ fún yín: ó dùn mọ́ mi. Mo dìde, mo lọ fọ ilé ìdáná mi.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Àǹtí máa ń kọ̀wé. Mo tẹ ìkejì, mo tẹ ìkẹta, mo tẹ ìkẹrin. Nígbà tí ìkarùn-ún máa fi dé, asẹ́ ò dúró dè mí mọ́. Ó ti gbé e sọ nù kí n tó jókòó.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Bàbá á tẹ̀ ẹ́, á wò ó, á sún àga sẹ́yìn, á tún pa dà wá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n bi mí bóyá nǹkan ń ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, torí kò kọ nǹkan kan. Mo gba ìwé kékeré lọ́wọ́ wọn, mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún wọn. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ó gún régé lórí ìlà.

Àǹtí náà pe ọkọ mi lórí fóònù pé kí ló dé tí Bàbá ò fèsì. Ọkọ mi ò fẹ́ràn kíkọ nǹkan sínú ìwé, nítorí náà ó ní kí n bá òun bi wọ́n. Mo lọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀, mo ká aṣọ tó ti gbẹ, mo sì pa dà wá sọ fún un pé Bàbá ní ọ̀rọ̀ kíkó lọ yìí ti sú òun, kí wọ́n fún òun nísinmi. Ó gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní Àǹtí sunkún lórí fóònù. Mo ní, "Wọn ò ní pẹ́ gbàgbé." Mo sì ń ká aṣọ mi lọ.

Ó yà mí lẹ́nu pé Àǹtí ò jáwọ́. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan.

Bàbá kì í kọ lẹ́tà méjì léra láìtíì gba èsì ọ̀kan, ìwà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó tó àkókò kan, wọ́n gbé ìyẹn mì. Ọ̀sán méjì gbáko ni wọ́n fi ìka kan tẹ lẹ́tà sí ọmọ wọn. Wọ́n wá pè mí pé kí n bá wọn fi ránṣẹ́, torí wọ́n ti fìgbà kan rí ṣèèṣì fi èébú tó yẹ Onídígí ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ta bàtà. Bàbá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Mi ò ka lẹ́tà náà. Ohun tí mo máa bá níbẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo pa á rẹ́ láti òkè délẹ̀, mo sì kọ sínú ìwé kékeré pé, "Ó ti lọ, Bàbá."

Bàbá fọwọ́ kàn mí léjìká. "O ṣé, ọmọ mi," ni wọ́n wí.

Láti ọjọ́ yẹn ni n ò ti lè yẹ àpò pàǹtírí wò mọ́. Orúkọ Àǹtí tó tò jọ síbẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́gbin yẹn ń kó mi nírìíra, bí ẹni pé èmi ni wọ́n bọ́ sí ìhòòhò. Mo pa á tì. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tó burú jù, láìmọ̀.

Asẹ́ ò tíì ṣíwọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ló ń kà, kò mọ ẹni. Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó ń wá bá Bàbá, ti àwọn tó ń ta irin iṣẹ́ aago, ti báǹkì, ti ìwé ìròyìn, èdè òyìnbó ni gbogbo wọn. Èèyàn méjì péré ló ń fi èdè wa kọ̀wé sí wọn, Àǹtí àti Onídígí. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara ńkọ́? Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Asẹ́ rí i pé gbogbo lẹ́tà tí irú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀ ni mo ń pè ní pàǹtírí. Ó dá a rò lọ́nà tirẹ̀, ó gbà pé èdè wa gan-an ni ìdọ̀tí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí pé ara ọmọ mi kékeré gbóná, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó Onídígí ni. Aṣọ dúdú ló wà lára wọn. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọn ò jókòó. Mo gbé omi wá, wọn ò wò ó.

Inú Bàbá dùn bí wọ́n ṣe rí wọn. Wọ́n ń béèrè bóyá ọ̀rẹ́ àwọn ti gbà pé àwọn ló jàre iyàn, torí ó ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹnu wọn ṣì wà níbẹ̀ tí ojú wọn fi bọ́ sórí aṣọ dúdú náà.

Ìyá yìí gba ìwé kékeré. Wọ́n kọ̀wé pẹ́. Láti ẹ̀yìn Bàbá ni mo ti kà á: "Ọjọ́ kẹjọ rèé tí a sin ọkọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lórí ibùsùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ̀wé sí yín pé kí ẹ wá. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò títí. Mo wá kí n lè rí bí ojú irú yín ṣe máa ń rí."

"Ìwé wo?" ni Bàbá wí. Ohùn wọn tó máa ń ga ti wálẹ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

Ìyàwó Onídígí wò wọ́n bí èèyàn ṣe ń wo èébì lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì yí pa dà, wọ́n lọ.

Bàbá kọjú sí mi. "Ọmọ mi, ìwé wo?"

Mo ṣì gbé omi náà dání. Mo fọwọ́ júwe pé mo ń lọ wò ó. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo ṣí àpò pàǹtírí. Lẹ́tà Onídígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Oògùn ọkùnrin wà lókè èyí tó dé kẹ́yìn, obìnrin tó la ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá Bàbá kí n sì wólẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, mi ò kà wọ́n. Mo pa mọ́kànlá ti Àǹtí rẹ́ tẹ̀ lé e. Mo da gbogbo àpò náà nù, tọmọ ọba toníhòòhò. Lẹ́yìn náà ni mo sáré lọ bì sínú síǹkì ìfọbọ́ ní ilé ìdáná. Mo nu ẹnu mi, mo pa dà lọ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: "Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá. Bóyá ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ímeèlì yín ló sọ wọ́n nù."

Bàbá ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rántí pé oníṣẹ́ aago ni wọ́n. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń wá eyín kan tó kán lára kẹ̀kẹ́ inú aago tí kò tó èékánná ọmọdé.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èmi tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹ̀dà lásán ni ohun tí kọ̀ǹpútà ilé wa ń lọ kó wá. Ojúlówó lẹ́tà ṣì wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn, ilé iṣẹ́ náà sì ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ tí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìwọlé lè gbà wọlé láti orí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Asẹ́ mi ò dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá dé fìlà, wọ́n lọ sí ilé ìkàwé. Ẹ̀yìn ìgbà ni mo gbọ́ bó ṣe lọ. Obìnrin tó wà níbẹ̀ bá wọn ṣí ẹnu ọ̀nà náà. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, mọ́kànlá ti Àǹtí, mẹ́ta ti Onídígí, ọ̀kan ò sọ nù. Wọ́n wá lẹ́tà tí àwọn fúnra wọn kọ sí ọmọ wọn, wọn ò rí ohun tó jọ ọ́. Obìnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé kékeré pé, "Bàbá, ta ló ń bá yín mójú tó kọ̀ǹpútà ilé?" Bàbá pa ìwé náà dé, wọ́n fi í sápò. Wọ́n ní kó bá àwọn tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà ní ẹ̀dà méjìméjì. Wọ́n sì jókòó níbẹ̀, wọ́n kọ̀wé sí Àǹtí.

Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi fún odidi ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ń lọ mú àwọn ọmọ wá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Wọ́n á ní kò wu àwọn, wọ́n á sì lọ bọ ẹyin fúnra wọn. Ife tí mo ti fọ̀ tó ti gbẹ, mo rí Bàbá tí wọ́n tún un fọ̀ kí wọ́n tó bu omi sí i. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ló ń ṣe wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo ti ọjà dé, mo bá Àǹtí ní pálọ̀, báàgì wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọkọ mi dúró tì fèrèsé. Wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ lọ ṣeré nílé aládùúgbò. Bàbá jókòó sáàárín, bébà wà lórí itan wọn, wọ́n na ẹ̀dà kejì sí mi.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Kà á sókè."

Mo wo ìlà àkọ́kọ́. Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wo ọkọ mi, ilẹ̀ ló ń wò.

Mo kà á. Bàbá ò gbọ́ ohun tí mo ń kà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fìka tọ ìlà rẹ̀, wọ́n ń wo ètè mi. Nígbà tí mo dé ibi tí Àǹtí ti sọ̀rọ̀ ilé ìdáná mi, mo fò ó. Ìka Bàbá dúró. "O fò ó," ni wọ́n wí. Mo pa dà lọ kà á.

Mo ka mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ìkẹta ni Àǹtí ti ní kí Bàbá bá òun bẹ̀ mí, pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ nípa ilé mi ti pọ̀ jù. Mo ti tẹ bọ́tìnnì lé ìyẹn lórí láìkà á. Ìkẹjọ ni wọ́n ti ń bi Bàbá pé ṣé òun ṣẹ̀ wọ́n ni. Nínú ìkọkànlá, wọn ò béèrè ohunkóhun mọ́, wọ́n kàn kí Bàbá. Àǹtí fi gèlè bojú, èjìká wọn ń mì.

Lẹ́yìn náà ló kan ti Onídígí. Èyí tó kẹ́yìn ò gùn.

"Ọ̀rẹ́ mi, ìkẹta rèé. Mi ò bínú, mo mọ̀ pé o ti ya ọ̀lẹ látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́. Ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni wọ́n fi mí sí, aago méjì sí mẹ́rin ni wọ́n ń gbàlejò. Bí etí rẹ bá yọ ọ́ lẹ́nu, má dààmú, ọwọ́ mi kan ṣì ń kọ̀wé. Wá ká jà á lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Mo ti ṣe tán láti gbà pé ìwọ lo jàre."

"Tún un kà," ni Bàbá wí.

Mo tún un kà. Mi ò mọ bí mo ṣe parí rẹ̀.

"Mo ti ń rò pé ó gbàgbé mi," ni Bàbá wí. "Òun náà kú, ó ń rò pé mo gbàgbé òun." Wọ́n na ìwé kékeré sí mi. "Kí ni ọmọ mi fi ṣe ọ́?"

Orí eékún ni mo ti kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dára yà kúrò lórí ìlà. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀rù ló bà mí pé wọ́n máa lọ, pé mi ò rí ẹni tó máa mú àwọn ọmọ wá, pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí níbi iṣẹ́.

Bàbá kà á tán. "Lẹ́tà tí mo ní kí o bá mi fi ránṣẹ́, ṣé o kà á?"

Mo mi orí pé rárá.

"Mo sọ fún ọmọ mi nínú rẹ̀ pé n ò lọ síbì kankan. Mo ní kó fi yàrá náà sílẹ̀ fún àlejò. Mo ní ibi tí àwọn ọmọ yìí wà ló wù mí láti wà."

Àǹtí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò sì ga. Wọ́n ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà," wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó ṣí ìkòkò tó bá ìdin nínú rẹ̀.

Ọkọ mi lọ sí ilé ìdáná. A gbọ́ tí omi ń ṣàn, ó pẹ́ tó ti ń ṣàn. Ọwọ́ ló ń fọ̀. Nígbà tó jáde, ó ní, "O fi ẹnu mi purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé e lọ bí aṣiwèrè." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "O ń rí mi lára."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá bá Àǹtí lọ. Àwọn ọmọ mi di ẹsẹ̀ wọn mú, ọkọ mi ló já wọn kúrò.

Mi ò di olórí ẹ̀ka. Fúnra mi ni mo lọ bá ọ̀gá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa ṣíwọ́ kí aago méjì tó lù. Yàrá Bàbá ni ọkọ mi ń sùn, níbi iṣẹ́ ló sì ti ń jẹun. Tí mo bá gbé abọ́ sílẹ̀ fún un, á sún un kúrò pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́.

Mo lọ bá ìyàwó Onídígí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú sí Bàbá mọ́, pé Bàbá ò mọ nǹkan kan. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi parí. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ tèmi. Ọkọ mi ńkọ́, ta ló máa sọ fún un?" Wọ́n rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, láràárọ̀ ni mo ṣì ń ṣa ìdọ̀tí níbi iṣẹ́. Ó ṣì ń rí mi lára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ọ́, wọn ò mọ̀ mí, n ò mọ̀ wọ́n, wọn ò jẹun lọ́dọ̀ mi rí. Èmi mọ ẹni tí mo ṣe é sí. Bí àwọn èèyàn bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ bá àwọn lé olè, ẹ rántí pé ẹ̀yin nìkan ni wọn ò ní ṣọ́.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí Bàbá lọ, lẹ́tà wọn wọlé sórí ímeèlì mi, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí ọmọ mi àgbà. Mo rò pé èébú ni. Mo tilẹ̀ ń retí kó jẹ́ èébú.

"Ẹ káàárọ̀," ni Bàbá kọ. "Mo gbà pé àlàáfíà lẹ wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí ọmọ wa àgbà kú ọjọ́ ìbí ọ̀la. Ẹ bá mi sọ fún un pé aago rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, fúnra mi ni mo tún un ṣe. Ẹ ṣeun."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe ìyàwó ilé wọn. "O" ni Bàbá fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tí wọ́n bí sọ̀rọ̀. Mo ka lẹ́tà náà lọ, mo kà á bọ̀, mo ń wá ibì kan tí wọ́n ti ṣèèṣì pè mí ní "o" nínú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀.